Èèmọ́ Ara Bàtà

"Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, mà." Ohùn tí Ìbùkúnolúwa fi ránṣẹ́ ń jáde láti inú fóònù tó wà lórí àpótí. "Ẹ fọ abẹ́ rẹ̀ àti gbogbo ojú okùn rẹ̀. Kóró koríko kankan kò gbọdọ̀ tẹ̀lé yín dé erékùṣù yìí. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan, wọ́n lè ní kí ẹ padà sínú ọkọ̀."

Modúpẹ́ ń gbọ́, ó sì ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Òkè-Ìlá nílẹ̀ Èkìtì ló lóṣòó sí, ó gbé bàtà kánfáàsì lé orí itan, ó ń ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.

"Tọ́ọ̀ṣì yín, mà, ẹ fi ọ̀rá pupa wé ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun máa ń da ìyá ìjàpá lójú rú, á padà sómi láìyé ẹyin. Bí ẹ bá sì rí i létíkun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ má dúró sáàárín òun àti òkun."

"Ìyá Tóbi!" Ọkọ rẹ̀ kígbe láti inú yàrá. "Ìyá Tóbi o, àyà mi!"

Obìnrin náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá, nítorí láti ìgbà tí ọjọ́ ìrìnàjò ti ku díẹ̀ ló ti ń retí igbe yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Títí tí Modúpẹ́ fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ọdọọdún ló ń fi ẹfun ya ìjàpá òkun sójú pátákó, tí yóò máa ṣàlàyé bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ iyanrìn kó tó yé ẹyin. Obìnrin yìí kò sì fojú kan òkun rí! Nígbà tí Ìbùkúnolúwa, ọmọ tó máa ń bá a nu pátákó, wá ríṣẹ́ sí erékùṣù kan tí àwọn ìjàpá náà ti ń gòkè, ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí tíṣà òun wá lo ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọkọ̀ ojú omi ń lọ síbẹ̀, ìjàpá kò ní yé ẹyin pẹ́ mọ́, Ìbùkúnolúwa fúnra rẹ̀ yóò sì kúrò níbẹ̀ bí àsìkò yìí bá ti parí. Bí Modúpẹ́ kò bá lọ ní Ọjọ́bọ̀, ó parí nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ ni wàhálà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Ọlátúbọ̀sún nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ènìyàn dáadáa sì ni. Àmọ́ àìsàn ọkùnrin yìí mọ kàlẹ́ńdà ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí ìyàwó Tóbi, ọmọ wọn, bímọ ní Kàdúná, inú gáréèjì ni ẹ̀yìn ti dun Bàbá Tóbi dé ibi pé wọ́n jọ padà sílé. Nígbà tí àwọn tíṣà ń lọ ìpàdé ní Kàlàbá, ibà gbé e dè. Bí Modúpẹ́ bá ti tú báàgì, ara á yá.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Bí kò bá wá jẹ́ irọ́ lọ́tẹ̀ yìí ńkọ́? Ibi tí okùn ti fún Modúpẹ́ lọ́rùn gan-an nìyẹn.

Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀, kì í ṣe ohun ìdágìrì. Kó sinmi, kó lo oògùn, kó má fẹnu kan òkèlè fún ọjọ́ méjì, kó máa mu ẹ̀kọ. Ọmọ Èkìtì, ọjọ́ méjì láìjẹ iyán! Ọlátúbọ̀sún wo dókítà bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ fún.

Kí wọ́n tó délé, Ẹ̀bùnọlá, ẹ̀gbọ́n Bàbá Tóbi, ti jókòó sí pálọ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "mo gbọ́ pé ìjàpá lo fẹ́ lọ wò."

"Ìjàpá òkun ni, Àǹtí."

"Ìjàpá a máa ju ìjàpá ni? Èyí tó wà lóko bàbá wa kò tó ọ wò?" Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀ tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ lórí àga. "Bí nǹkan bá ṣe ọmọ ìyá mi, tí wọ́n bá bi wá pé níbo ni ìyàwó rẹ̀ wà, kí la ó wí? Ká ní ó ń ṣọ́ ẹyin ìjàpá?"

Modúpẹ́ wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó wá dà bíi pé wọ́n ti ń kan gbogbo rẹ̀ pa. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í pé inú ń bí i sí aláìsàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò Adébáyọ̀ láti lọ ra ìyókù oògùn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn ló ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù: "Ìbùkún, ọmọ mi, má bínú. Ara bàbá yín kò yá. N kò ní lè wá mọ́. Bá mi kí àwọn ìjàpá." Ìka rẹ̀ wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè lọ, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí òun délé ná.

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní orí àdúgbò. Gbì, gbì, gbì. Ẹnìkan ń gúnyán.

"Ìyá Tóbi, ẹ kú orí ire o!" Ìyá Pamílẹ́rìn, aládùúgbò wọn, ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ ti gba ẹni tí yóò máa bá yín gúnyán?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ilé yín kọ́ ló ti ń dún ni?"

Modúpẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ẹ wò ó, aláìsàn! Ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé, òógùn bò ó, ó sì gbé ọmọ odó sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó rí ìyàwó rẹ̀. Ọmọ odó dúró sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́," Modúpẹ́ ní. "Àyà ńkọ́?"

"Ó… ó ti ń rọlẹ̀."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu Modúpẹ́, lẹ́yìn náà omijé. Ó tẹ fóònù, ohùn tó gbà sílẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì: *n kò ní lè wá mọ́. Bá mi kí àwọn ìjàpá.* Bàbá Tóbi gbé ọmọ odó kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nìyẹn," Modúpẹ́ wí. "Inú ń bí mi, Bàbá Tóbi. Inú ń bí mi gan-an. Ẹ mọ̀ pé mi ò ní lọ bí mo bá rò pé ẹ máa kú, ẹ wá fi ikú dè mí mọ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni. Bí o bá lọ ọjà lásán, ilé yìí á dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n óò máa tan rédíò tí n kò gbọ́. Àwọn ọmọ ti lọ. Mo ní bí o bá lọ rí bí ayé ṣe fẹ̀ tó, kí ni yóò dá ọ padà sọ́dọ̀ èmi?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Àánú ṣe Modúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò tíì lọ. Ó tẹ̀ba, ó bu iyán nínú odó, ó fi sẹ́nu.

"Ó kúnná," ó ní. "Kò ní kókó kankan. Ẹni tó gún èyí kò lè febi pa ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ìyá Tóbi…"

"Màá padà wá. Ṣùgbọ́n mò ń lọ."

Ó pa ohùn tó gbà rẹ́ lójú ọkọ rẹ̀, ó sì gba òmíràn: "Ìbùkún, oògùn èébì ojú omi yẹn, ṣé kí n tó wọkọ̀ ni àbí lẹ́yìn náà?"

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó ká bàtà lórí okùn aṣọ, ó tún mú búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá Tóbi wọ gíláàsì rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Mú ọ̀kan wá. Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn wí. Ó ní ká má dúró sáàárín ìjàpá àti òkun."

"Ta ni ìjàpá?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ bàtà náà. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró. Èèmọ́ kan ló há sí ojú ihò okùn.

"Èèmọ́ ẹ̀yìnkùlé wa nìyí," ó ní. "Ẹyọ kan péré. Ta ni yóò rí i?"

"Bàbá Tóbi."

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wá fi èékánná fà á yọ. Èèmọ́ náà lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì ní kí ìyàwó òun mú bàtà kejì wá.