Okùn Bàtà Sájẹ́ǹtì

"Má so ó o, Earlene," ni Delbert ọkọ mi wí bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ síbi bàtà rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi. Láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí ọkọ̀ ogun, tó fẹ̀yìn balẹ̀, èmi ni mo ń so bàtà fún un. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá orúnkún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a sì máa kú tipiri. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe é lóge lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn sójà tó fara pa wò. Dókítà ọjọ́ náà wo bàtà, ó kọ ọ́ pé ẹni tó lè so bàtà lè bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní ara rẹ̀ fi bàjẹ́, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún un. Ló bá padà sẹ́nu ẹrù tó ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí. Bí wọn ò bá fi kún un lónìí, ibẹ̀ ni yóò máa lọ títí ẹsẹ̀ yẹn yóò fi kọ̀ ọ́ pátápátá.

Delbert wọ́ okùn bàtà nílẹ̀ wọ yàrá dókítà. Òun tó máa ń fìyà jẹ ọmọ ogun tí bàtà rẹ̀ kò bá dán! Ojú ń tì í gan-an.

"Ẹ káàárọ̀, sájẹ́ǹtì," ni dókítà tuntun náà wí. "Ara ńkọ́?"

"Kò burú."

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀." Delbert dé orúnkún, ó dúró. "Ẹ tún lọ sí i díẹ̀, sájẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é."

Ẹ má pe ọkọ mi ní sájẹ́ǹtì kẹ́ ẹ wá pàṣẹ fún un. Ó gé ètè jẹ, ó lọ sílẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi kan ilẹ̀, òógùn bò ó. Ibẹ̀ ló ti kan okùn tó ti ń dójú tì í láti àárọ̀.

"Nígbà tí mo ti délẹ̀ ná," ó ń mí gúlegúle, "ẹ jẹ́ n kúkú so ó."

"Delbert, fi sílẹ̀!"

Ó so ó. Ó so ẹ̀kejì náà, ó gún régé. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan.

"Ó tó, sájẹ́ǹtì. Ẹ máa lọ."

"Dókítà, kò lè dìde o!"

Dókítà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pe ẹni tó kàn.

"Earlene," ni ọkọ mi wí láti ìsàlẹ̀, "fà mí."