Bọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Nàímátù Sí

Bí Nàímátù oníkòkò bá ń bọ̀ ní Dutsen Kura, àdúgbò rẹ̀ ní Minna, orin rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí òun alára. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Gwari ní ìgbèríko Minna ló ti ń ra ìkòkò, tó ń kó o lọ sí Ìlọrin, ilé bàbá rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe é. Àfi lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì tó háyà ya lójú ọ̀nà Mokwa, tí ọgọ́ta ìkòkò di àpáàdì lójú títì. Oníbàárà rẹ̀ àgbà ní Ìlọrin sọ fún un pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn. Ni Nàímátù bá pinnu pé òun á ra bọ́ọ̀sì ńlá tòun, èyí tó ṣeé fọkàn tán. Owó ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló fẹ́ fi rà á. Bó bá ṣì í rà, ọjà ìkòkò parí nìyẹn.

Ọkọ ọmọ rẹ̀, Àbdùlbáàkí, ní kó fi ọ̀rọ̀ náà lé òun lọ́wọ́. Ẹ wá wo ẹni tó mọ mọ́tò! Ọkùnrin tí kò lè lẹ táyà kẹ̀kẹ́ Yusrah, ọmọ rẹ̀. Ó ń wo fídíò ọkọ̀ lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í bú àna ẹni lójú. Nàímátù mọ èyí. Ó sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní ká má kọrin.

Àbdùlbáàkí mú un lọ sọ́dọ̀ Qasim tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Sauka Kahuta. Bọ́ọ̀sì pupa kan ló dúró láàárín ọgbà, tó ń dán bí ètè ìyàwó tuntun. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ALHAJA NÀÍMÁTÙ ONÍKÒKÒ. Àna rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ lánàá, kí ìyá ìyàwó tó fojú kan ọkọ̀ rárá.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kan ìjókòó yìí. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ni," Àbdùlbáàkí wí.

Nàímátù bi í bóyá àwọn ìkòkò ni yóò jókòó lórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Àna rẹ̀ fi iná aláwọ̀ mẹ́rin hàn án, ó tan orin, ó ń mi orí. Qasim yí sí Àbdùlbáàkí, ó fi Hausa sọ fún un pé kí ni arúgbó mọ̀ nípa mọ́tò. Ó rò pé obìnrin tó ti fi Hausa dúnàádúrà fún ogún ọdún kò gbọ́. Nàímátù rẹ́rìn-ín, ó gbé orin tirẹ̀:

Ẹyẹ ológe, ẹyẹ ológe,
Ìyẹ́ rẹ ń dán, ẹyẹ ológe,
Ẹsẹ̀ dà, èyí tó o fi ń rìn?

Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan ara ọkọ̀. Ní agbo ilé amọ̀kòkò tí wọ́n bí i sí, ọmọ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń kan ìkòkò kó tó mọ ìró ró. Ìkòkò tó pé yóò dáhùn gán-án. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ dí lójú yóò sọ pé pọ́, yóò sì pa ẹnu dé bí òpùrọ́. Ilẹ̀kùn dáhùn gán-án. Òkè dáhùn gán-án. Nígbà tó dé abẹ́ orúkọ ara rẹ̀, pọ́. Ó tún kàn án. Pọ́, pọ́.

Qasim ní irin ibẹ̀ ló nípọn, wallahi. Àbdùlbáàkí gbè é lẹ́yìn pé irin tó bá nípọn kì í dún, òun ti rí i lórí fóònù. Nàímátù ní ó dáa, bó bá nípọn, òkúta kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Kí Qasim tó la ẹnu, ọ̀jọ̀gbọ́n ti he òkúta, ó fẹ́ fi han ìyá ìyàwó. Ó gbá a.

Pọ́tí tí wọ́n fi dí ihò já lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà, ó sì gbé NÀÍMÁTÙ lọ. Ó ku ALHAJA, ó ku ONÍKÒKÒ. Láàárín wọn, ihò tó gba orí ewúrẹ́. Ìpáàrà ti jẹ irin náà dé ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ìkòkò ìbá jókòó sí.

Nàímátù bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú. "Ẹ ṣeun, Bàbá Yusrah. Ẹ ti bá mi la fèrèsé sí i."

Bọ́ọ̀sì funfun kan wà lẹ́yìn ọgbà lábẹ́ dóńgóyárò, ó dọ̀tí, adìyẹ ń yé sí i. Qasim ní ẹni iyì kì í wo ìyẹn. Nàímátù lọ kàn án yí ká, títí dé ilẹ̀ inú rẹ̀. Gán-án, gán-án, kò sí irọ́ kan. Ó ní kí wọ́n yọ bátìrì pupa ológe sí i, kí wọ́n sì tan án. Ó lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo èéfín bí ẹni ń wo iná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò. Èéfín náà mọ́ kíá. Lọ́jọ́ kejì ó mú Fáṣínà mẹkáníìkì wá, ìyẹn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ títí, ó dìde, ó ní, "Ẹ rà á."

Nàímátù rà á, ó sì ti fi kó ìkòkò lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí, kò sí èyí tó sán. Oníbàárà àgbà ti ní kó máa kó ìlọ́po méjì wá. Ológe ṣì wà lọ́gbà Qasim. Wọ́n ti tún un dí, ṣùgbọ́n ALHAJA ONÍKÒKÒ ló wà lára rẹ̀, àwọn oníbàárà ń béèrè pé alhaja wo ló kọ̀ ọ́.

Àbdùlbáàkí ń sọ kiri Dutsen Kura pé òun lòun yan funfun náà. Nàímátù kò bá a jà. Nígbà tí àna rẹ̀ wá kí i lọ́jọ́ Jímọ̀, Nàímátù fún un ní ìkòkò kan tó dún dáadáa, ó sì kọrin fún un:

Ẹni tó gbọ́n ń kàn án,
Ẹni tí ò gbọ́n ń wò ó,
Olójú fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, máa wò ó.

Orin náà dùn mọ́ Àbdùlbáàkí. Ó dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń jó sí i.