Kò Sí Sójà Kankan Níbẹ̀

Iwájú pátápátá ni wọ́n fi Juliet sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíìmù náà wá sí gbọ̀ngàn kan ní Okitipupa, nítorí ìtàn rẹ̀ ni. Àwọn ajínigbé ló gbé òun àti Mọ̀dínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lójú ọ̀nà Ìjù-Odò nígbà tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Juliet padà wálé. Mọ̀dínátù kò padà.

Ìyá Mọ̀dínátù ló jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà oko nìyí, ìbọn nìyí, igbó nìyí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú igbó náà. Juliet ń retí ìkejì títí. Àfi bí sójà kan ṣe bẹ́ jáde, ó gé okùn, ó gbé obìnrin náà sí èjìká. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́.

Ìyá Mọ̀dínátù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó rọra béèrè pé, "Ọmọ tèmi dà?"

Juliet dìde, ó lọ dúró síwájú àwòrán náà.

"Ẹ pa fíìmù yẹn!"

"Ẹ jókòó, jàre!" ni ẹnì kan kígbe.

"Mi ò jókòó. Nínú igbó, wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Wọ́n ní kí n dákẹ́, mo dákẹ́. Lónìí, mi ò ní dákẹ́."

Prosper, ọkùnrin tó ṣe fíìmù náà, sáré wá. Juliet fúnra rẹ̀ ló ti ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ní ìlú Òde-Ayé kó tó ṣe fíìmù náà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Fíìmù lásán ni. Akọni làwọn èèyàn fẹ́ rí."

"Akọni wà níbẹ̀. Ìwọ lo yọ ọ́ kúrò."

Ó kọjú sí èrò. "Kò sí sójà kankan níbẹ̀. Mọ̀dínátù ló feyín já okùn ọwọ́ mi. A jọ sá ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi rọ́, tá a sì ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn wa, ó tì mí sínú koríko, ó gba ibòmíràn lọ, ó ń pariwo kí wọ́n lè tẹ̀ lé òun. Wọ́n tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ìbọn."

Wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Ìyá Mọ̀dínátù di àga mú, ó dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Juliet, kí ló ń pariwo?"

"Orúkọ ara rẹ̀ ni, Màmá. 'Èmi Mọ̀dínátù rèé, ẹ wá mú mi!'"

"Tún un sọ."

Juliet tún un sọ, sókè. Ẹnikẹ́ni ò tún ní kó jókòó mọ́.

Prosper ń bẹ̀bẹ̀. "A máa tún un ṣe, Àǹtí."

"Títí dìgbà yẹn, yọ orúkọ mi kúrò."

Prosper yọ ọ́. Nígbà tí àsìkò òjò parí, ó mú ọmọbìnrin tí yóò ṣe bíi Mọ̀dínátù nínú fíìmù náà wá sílé Ìyá Mọ̀dínátù. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó béèrè bí Mọ̀dínátù ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Mọ̀dínátù wò ó.

"Ọmọ mi kì í rẹ́rìn-ín kékeré," ló wí. "Dìde dúró, kí n kọ́ ọ."