Ìgò Abẹ́ Ibùsùn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ìyàwó onígbàjámọ̀ kú. Ní ọjọ́ kejìlá, ọkọ rẹ̀ fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, òórùn tó ta jáde níbẹ̀ sì mú un bo imú.

Ìgò mẹ́rìndínlógún. Èékánná kún ọ̀kan dé ọrùn. Eyín ọmọdé wà nínú òmíràn, ẹ̀jẹ̀ dúdú ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Èépá egbò wà nínú ẹ̀kẹta, ó ti bu funfun. Wọ́n kọ ọjọ́ sí ara ìgò kọ̀ọ̀kan. Ara ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Kì í ṣe pé bàbá ọmọ náà kò mọ̀. Òun ló fá irun ọmọ náà, tó pọ́n ọn sínú ìwé, tó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. “Ohun tó bá ti ara ọmọ jáde, ìyá ló ni ín,” ni obìnrin náà máa ń wí. Ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ, kí wọ́n tó gbé ìyẹn lọ sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ, níbi tó kú sí. Onígbàjámọ̀ a sì rẹ́rìn-ín pé, “Èmi ń gbá irun dànù, ìwọ ń kó o pamọ́.” Ìfẹ́ ló pè é. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun wà nínú ilé.

Ó ń gbé àpótí náà lọ nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé, tó pọn ọmọ tirẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta.

“Bàbá, ibo lẹ ń gbé e lọ?”

“Ṣáláńgá.”

“Ìyá mi kú tán, ẹ wá fẹ́ sọ èmi náà sí ṣáláńgá?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé e kalẹ̀ jàre. Ogún mi ni.”

Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó yọ ìgò òògùn ikọ́ kékeré kan nínú báàgì, ó tò ó ti àwọn yòókù. Ìwọ́ gbígbẹ wà nínú rẹ̀, àti nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ṣì tutù.

Aṣọ wà lára àtàǹpàkò ọmọ náà. Bàbá tú u. Èékánná kò sí níbẹ̀ mọ́. Ogójì ọdún ló ti ń di abẹ mú. Ó mọ ọwọ́ tó yẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ tó fara balẹ̀.

“Kò sunkún púpọ̀,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “Èmi náà ò sunkún. Ẹ ò rántí ni?”

Ó wo ìka ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò léèékánná, èyí tí wọ́n ní ilẹ̀kùn pa lára.

Ó gbá ọmọ jòjòló náà mọ́ra, ó sì bọ́ sóde.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń di ọwọ́ ọmọ. “Bàbá, ta ló kù nílé?”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sí bàtà níbẹ̀.

“Ìgò mẹ́tàdínlógún. Ọ̀já. Bàtà mi. Ìgò òfìfo kan nínú báàgì, tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ọ̀la sí lára.”

Ó wo aṣọ funfun tí nọ́ọ̀sì wé mọ́ àtàǹpàkò náà.

“Ọmọ mi.”