Ọ̀sẹ̀ Ìsinmi Sista Ẹ̀rí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá sí London, wọn ò gbà. Bí mo bá ti ní, “Sista mi, ẹ wá sinmi,” wọ́n á ní ta ni kó dúró ti ìjọ, ta ni kó máa gbàdúrà fáwọn èèyàn. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo rí ilé kan lórí fóònù, ilé olókùúta láàárín àwọn òkè Wales, tó ní àga onípákó níta tí èèyàn lè jókòó sí kó máa wo àgùntàn. Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Sista mi, ẹ wá, ká jọ lọ sórí òkè fún ọ̀sẹ̀ kan.” Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti gé ni. Wọ́n wá ní, “Ó ti dáa. Mò ń bọ̀.” Wọn ò bi mí ní ohunkóhun. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú kíṣìnì, Obed ọkọ mi sì ń bi mí pé ta ló bímọ.

Ẹ̀ríolúwa lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n Ìyá Àdúrà ni gbogbo Ìmẹ̀sí ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi. Èmi ṣì ń rá nígbà tí ìyá wa kú, Sista mi ló gbé mi pọ̀n, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀ títí mo fi wọ iléèwé. Mi ò rí wọn kí wọ́n jókòó lásán rí. Bí wọn ò bá fọṣọ, wọ́n á máa gbààwẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú báyìí, mo máa ń rí i tá a bá pe ara wa lórí fídíò. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbí. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn ìyá oníyàá, tí mò ń bi wọ́n bóyá ó tura. Ó ń dùn mí wọra pé mi ò ṣe é fún tèmi rí. Kò sóhun méjì tí mo fẹ́ ju kí Sista mi sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kí wọ́n tó dàgbà jù.

Bí wọ́n ṣe jáde sí wa ní Heathrow ni nǹkan ti kọ́kọ́ rú mi lójú. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n di apá mi méjèèjì mú.

“Ìyèbíyè, mo ti dé. Ó máa tán.”

“Kí ló máa tán, Sista mi?”

“Jẹ́ ká délé ná.”

A délé ní Thamesmead, wọn ò tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n fi fa Obed sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Obed, ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?” Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Obed, ìdájí ló máa ń jáde, ó sì sọ òtítọ́ tiẹ̀: “Rárá o, Mummy. Shift yìí ò jẹ́ kéèyàn sùn.” Wọ́n mi orí. Ó kan Zion, ọmọ wa obìnrin. Wọ́n ní ṣé kò sẹ́ni tó ń lé e lójú àlá. Zion ní, “Big Mummy, I'm good, I swear. Kò sẹ́nì kankan.” Sista mi bá yíjú sí mi, wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. Mo wo ara mi nínú dígí nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwẹ̀. Ojú mi mọ́, mo sanra dáadáa. Kí wá ni?

Fóònù wọn ò sì sinmi. Láti Ìmẹ̀sí títí dé Àkúrẹ́ làwọn èèyàn ti ń pè, ẹni tí ọmọ ẹ̀ ò gbádùn, ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo wọn: “Mò ń lọ sórí òkè. Ó di ìgbà tí mo bá sọ̀.” Kíá lẹni náà á ní, “Áà, ẹ má bínú o, Ọlọ́run á gbọ́,” á sì pa fóònù. Nílé, kò sẹ́ni tó jẹ́ yọ ẹni tó wà lórí òkè lẹ́nu. Èmi dúpẹ́ ní tèmi pé fóònù náà máa panu mọ́ níkẹyìn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo mú wọn lọ sí ọjà Beresford Square ní Woolwich ká lọ ra oúnjẹ. Bọ́ọ̀sì wa gba ẹ̀gbẹ́ Belmarsh kọjá. Wọ́n rí ògiri gíga yẹn, wọ́n ní kí ni. Mo ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n rọra gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

“Ta ni tiwa tó wà ńbẹ̀?”

“Tiwa báwo? Sista mi! Kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀ o!”

Ohùn mi ti lọ sókè. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì yíjú sí wa, ọ̀gbẹ́ni kan tiẹ̀ mi orí, bí ẹni ń bá mi kẹ́dùn. Ojú tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn dé Woolwich.

Ní ọjà, mo ra adìyẹ, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata, bàrà olómi, gbogbo ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń wo àpò tó ń kún.

“Ta ló máa jẹ gbogbo èyí?”

“Àwa náà ni. Ẹ̀yin gan-an.”

“Lórí òkè?”

“Lórí òkè kẹ̀! Holiday ni, Sista mi.”

Wọ́n lọ síbi àtẹ kan, wọ́n ra àbẹ́là funfun ìdì kan. Èmi rò pé wọ́n ṣì ń bẹ̀rù NEPA ni, mo rẹ́rìn-ín wọn. Mo ní iná kì í lọ níbí.

Obed ló wa ọkọ̀. Bí àwọn òkè yẹn ṣe yọ sí wa, Sista mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ohùn, ara mi sì yá, mo ní inú wọn ti ń dùn nìyẹn. Ilé náà rí bó ṣe rí lórí fóònù. Àwọn àga wà níta, àgùntàn wà, koríko tutù. Mo tẹ́ ìrọ̀rí sórí àga kan, mo fi aṣọ bò ó. Mo ní ti Sista mi nìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má jókòó síbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé tíì lọ bá wọn, mo bá bẹ́ẹ̀dì lófo. Mo yọjú lójú fèrèsé. Sista mi ti wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ń gun òkè lọ pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, òjò sì ń ṣẹ́ wínníwínní. Mo gbé agbòjò, mo gbé ìbọ̀sẹ̀, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú àwọ̀sùn mi. Wọ́n ní kí n padà, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́fà, ẹ̀kọ tí wọ́n gbé wá láti ilé ni wọ́n pò mu, omi lẹ́yìn ẹ̀, ó tán. Adìyẹ tí mo dín wà níbẹ̀ tó ń wò wá.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Adrian, bàbá òyìnbó tó ni ilé náà, wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé bàtà ìyá yẹn sọnù ni, torí òun ní ọ̀kan tó lè bá ẹsẹ̀ wọn mu. Mo ní bàtà ò sọnù, sa. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Obed àti Zion jókòó sórí àga, wọ́n ń jẹ adìyẹ, wọ́n ń jẹ bàrà, àwọn ni wọ́n ń jẹ ìsinmi ẹ̀gbọ́n mi. Àga onírọ̀rí ṣófo.

Orí mi dàrú. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn kan ń ṣe wọ́n tí wọ́n fi pamọ́. Obed ní bóyá wọ́n rí ìran burúkú sí wa ni. Zion ní, “Mummy, ṣé ó ń bínú sí wa ni? What did we do?” Mo ní kó sọ pé “ṣé wọ́n ń bínú,” kó má sọ “ó.” Ṣùgbọ́n èmi náà ò mọ ìdáhùn. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹsẹ̀ tí mo ní kó wá sinmi ń wú sí i lójú mi.

Nígbà tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo pariwo mọ́ ẹni tó tọ́ mi. “Sista mi, kí ni mo ṣe fún yín? Mo ní kẹ́ ẹ wá sinmi, ẹ fẹ́ kú sí mi lọ́wọ́!”

Wọn ò bínú. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. “Tó bá yá, wàá sọ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì mú agogo wọn. Sọ kí ni? Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn sùtánà.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lókè, mo ń ká aṣọ kúrò lórí okùn, ni Sista mi bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ń tiro.

“Ìyèbíyè, ọ̀la la ń lọ. Mo ti gbàdúrà ọkọ. Mo ti gbàdúrà ọmọ. Mo ti gbàdúrà ẹ̀wọ̀n, mo ti gbàdúrà àìsàn. Mi ò mọ èyí tí mo tún fẹ́ gbà. Sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mò ń gbé síwájú Ọlọ́run.”

“Kí n sọ kí ni, Sista mi?”

“Ohun tó dé bá ẹ, tó o fi ní kí n wá bá ẹ gun òkè.”

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní Ìmẹ̀sí wa, ta ló ń gun òkè fún ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan kan ò ṣe é? Ìgbà tí dókítà bá ti sọ ohun tí kò ṣeé gbọ́ ni wọ́n ń lọ, ìgbà tí ọmọ bá sọnù, ìgbà tí gbogbo ọ̀nà bá dí. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ojú mi ni wọ́n ṣe ń lọ. London ló jẹ́ kí n gbàgbé. Mo ti gbé níbí débi pé tí wọ́n bá ní òkè, àga àti tíì ló ń wá sí mi lọ́kàn. Èmi ni mo pe Ìyá Àdúrà síṣẹ́, tí mo tún ń bá wọn jà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́.

“Kò sí nǹkan kan,” ni mo wí.

“Má fi pa mọ́ fún mi.”

“Ẹ wò mí lójú. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wá. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ wá jókòó ni. Ká jọ jẹun. Ká jọ máa wo àgùntàn.”

Wọ́n wò mí títí. “Lásán lo pè mí?”

“Lásán ni, Sista mi.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n fi ọwọ́ wá àga onírọ̀rí yẹn, wọ́n jókòó sínú ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Látìgbà tí Màmá ti kú,” ni wọ́n wí, “kò sẹ́ni tó pè mí lásán rí. Tí fóònù bá ti dún, àyà mi á ti já. Ọjọ́ tó o dárúkọ òkè, mi ò lè jẹun. Mo ní ó ti kan Ìyèbíyè mi.” Wọ́n wá bi mí bí ọmọdé: “Tí wọ́n bá pe èèyàn lásán, kí ló yẹ kó máa ṣe?”

Àánú wọn ṣe mí, ojú ara mi tì mí, inú sì ń bí mi sí gbogbo ẹni tó ti ń pè wọ́n látìgbà yẹn, èmi náà wà nínú wọn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá oore ni mo ṣe tàbí ìyà ni mo fi jẹ wọ́n.

A padà sí Thamesmead. Ó ku ọ̀sán kan kí wọ́n tó wọ bàálù, mi ò jẹ́ kí wọ́n di ẹrù. Mo dín adìyẹ tuntun, mo kó o sínú kúlà, mo mú wọn lọ sí Birchmere Park, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi. Mo bọ́ bàtà wọn, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan mi, mo ń fi òróró ra á. Ara wọn ò kọ́kọ́ balẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí ọwọ́ wọn máa ṣe, wọ́n ń fa etí ìró, wọ́n tún ń bi mí pé, “Ṣé bó ṣe rí nìyí?” Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n mú adìyẹ kan, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi eyín fọ́ eegun ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ń lọ lójú omi.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Mo rí bí ojú Sista mi ṣe yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹsẹ̀ wọn le lórí itan mi. Wọ́n mú fóònù náà, wọ́n wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀, wọ́n wo omi. Wọ́n na fóònù sí mi.

“Sọ fún wọn pé mo ṣì wà lórí òkè.”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ, kò sóhun tó ga níbẹ̀ ju òrùlé ilé lọ. Sista mi kì í purọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni. Mo gbé fóònù sétí, mo ní, “Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi ò lè dáhùn. Wọ́n ṣì wà lórí òkè.”

“Áà! Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu rárá o,” ni ẹni náà wí. “Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn.”

“Àmín,” ni Sista mi wí jẹ́jẹ́, wọ́n sì na ọwọ́ sínú kúlà, wọ́n ń wá itan adìyẹ.