Orin Ogun Nínú Pálọ̀ Bàbá Adépọ̀jù

Ẹni tí kò bá gbọ́ orin rọ́ọ̀kì líle tí wọ́n ń pè ní tíráàṣì rí, á rò pé àwọn tó ń kọ ọ́ ń jà ni. Gìtá á máa sáré, ìlù á máa lé e, akọrin á máa bú ramúramù. Ní Arákàlé l'Ákùúrẹ́, Monílọ́lá ni akọrin ọ̀hún, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí. Ogun ni ẹgbẹ́ wọn máa ń fi orin bú, àti àwọn ọ̀gá tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀.

Orin tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ ní Sátidé, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ló kún inú rẹ̀. Bàbá Adépọ̀jù ja ogun Biafra, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kòtò. Monílọ́lá ní bí Bàbá ò bá fẹ́, àwọn ò ní kọ ọ́. Ló bá wọ mọ́tò lọ bá Bàbá nílé rẹ̀ ní Oǹdó, ó sì sọ fún un pé àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọrin.

"Kọ ọ́ kí n gbọ́," ni Bàbá wí.

Monílọ́lá tan ìró gìtá lórí fóònù rẹ̀, ó sì bú jáde. Kò tíì dé ìdajì tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàà. Màmá Fẹ̀yìntọlá, aládùúgbò tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà, ló kó àwọn obìnrin rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgò òróró. Wọ́n ti gbọ́ ohùn náà lóde, wọ́n sì gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ló gun ọmọ. Kí Monílọ́lá tó ṣàlàyé, òróró ti ń ṣàn lọ sí imú rẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Bí ogun ṣe ń dún nìyẹn. Orin dídùn ni wọ́n fi sìn wá lọ. Irọ́ ni wọ́n pa."

Bàbá yíjú sí ọmọọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò dárúkọ ọ̀rẹ́ mi nínú orin náà?"

"Ẹ ò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi rí, Bàbá."

"Jímọ̀. Ọmọ Ìjù ni. Fi sí i, kí o sì pariwo rẹ̀ dáadáa."

Monílọ́lá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níbi orúkọ, ó yẹ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbè é, wọn ò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ègbè í gbè ju aládùúrà lọ? "Jímọ̀!" ni Màmá Fẹ̀yìntọlá ké, pẹ̀lú ohùn tó fi ń lé ẹ̀mí èṣù, àwọn yòókù sì gbè é. Nígbà tí wọ́n tún débẹ̀, Bàbá Adépọ̀jù, tí kò dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà ogun títí di ọjọ́ náà, dìde dúró, ó sì ké e ju gbogbo wọn lọ.