Àga Kan Ṣoṣo ní Hartstown

Ìdin! Ìdin ni mo bá nínú fíríìjì náà láàárọ̀ Sátidé, wọ́n funfun, wọ́n sanra, wọ́n ń yí gbiri lórí ẹja tí òyìnbó kan gbàgbé síbẹ̀. Mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé gbàmù, mo sáré lọ bì sínú síńkì. Inú pálọ̀ mi ni fíríìjì yìí wà o, kì í ṣe orí ààtàn.

Táíwò ọkọ mi ló gbé e wá. Owó ń ya wọ Dublin nígbà náà, àwọn aládùúgbò wa ní Hartstown kàn ń tún ilé ṣe ṣáá ni. Wọ́n á gbé àpótí irin gbàǹgbà kan tí wọ́n ń pè ní skip síwájú ilé, wọ́n á máa ju ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́ sínú rẹ̀. Táíwò ò lè rí skip kó kọjá. Á dá ọkọ̀ dúró, á tẹríba, á máa tú u. "Mọ́pẹ́, ọjà gidi lèyí l'Ékòó o!" Ọjà tí kò dé Èkó rí! Ó ń dúró de ìgbà tí kọ̀nténà tó máa kó o lọ sílé máa kún, kọ̀nténà ò kún, ilé mi ló kún. Ohun tó wu ni níí pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ti ọkọ mi, pàǹtí ni.

Fóòmù tí ọmọ ẹlòmíràn ti tọ̀ sí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ wà lórí àtẹ̀gùn, tẹlifíṣọ̀n lórí tẹlifíṣọ̀n, irun ajá lára gbogbo rẹ̀. Kò sí àga kan nínú pálọ̀ tí ẹrù ò bò. Ilé ara mi wá ń kó mi nírìíra.

Àìrí ibi jókòó kọ́ ló ń dùn mí jù. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màmá mi á lu agogo, oníkálukú á kúnlẹ̀ síwájú àga, á gbé ìgúnpá lé e, á fi ojú sínú àtẹ́lẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbà á nígbà tí a dé síbí, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ìjọba fi wá sí, tí a ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá wa padà. Àga onígi kan ni mo ní, ọkàn mi sì tòrò bí omi àfàárọ̀pọn. Ìwé ìgbélùú ti dé báyìí, iṣẹ́ dé, ilé dé, àdúrà lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, oorun á gbé mi lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo jágbe mọ́ ìyá arúgbó kan nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, torí pé ó da tíì sára. Ìyá wò mí, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Bí mi ò bá rí ibi kúnlẹ̀ sí, mo mọ̀ pé màá di ẹranko.

Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni kí n sá lọ ni? Pásítọ̀ wa wàásù lórí ìfọ̀kànbalẹ̀ ní Sunday tó kọjá, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí. Bó ṣe parí, ó ní kí ẹni tó bá lẹ́rù fún kọ̀nténà lọ rí Brother Táíwò, àyè ṣì wà. Wọ́n ṣe "Àmín!" Àmín kí ni? Díẹ̀ ló kù kí n tutọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, bí mo ṣe ń nu èébì kúrò lẹ́nu lọ́wọ́ ni Táíwò sọ̀ kalẹ̀ látòkè.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Òkú yín ni, Bàbá Fúnmi. Ẹ wá gbé e."

Ó ṣí fíríìjì, ó yọjú. "Áà, omi gbígbóná lásán ló ń fẹ́. Fọ̀ ọ́, á di tuntun."

Kí n fọ̀ ọ́! Mo ṣílẹ̀kùn ìta, mo kojú sí àga ẹ̀bá fèrèsé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù orí rẹ̀ síta nínú òjò.

"Mọ́pẹ́! Ṣé kò sí o? Ọjà nìyẹn!"

"Àga kan ni mo fẹ́, Bàbá Fúnmi. Ọ̀kan péré! Ẹ máa ta ìyókù."

Bóyá ojú mi ló rí, n ò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fíríìjì rẹ̀ lọ síta.

Mo kúnlẹ̀. Àga náà ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ọ̀rọ̀ àdúrà kankan ò wá, ìbínú ló wá, mo sì fún Jésù ní ìbínú náà bó ṣe rí. Orí ìdin ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ilé yìí ń rí mi lára, ẹni tí mo ń dà ń rí mi lára jù ú lọ. Mo sọ ti ìyá arúgbó, mo sunkún. Nígbà tó yá, àyà mi tó ń lù kìkì rọra ń balẹ̀, n ò sì rí ohun tí mo tún fẹ́ sọ. Ẹnì kan ti gbọ́ mi.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Fúnmi ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí gbogbo èsì rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Dublin.

"Mammy, what did you lose?"

Kí n tó dáhùn, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga, ó ń bá mi wá a. Háà! Ọmọ tí mo bí nínú ìgbàgbọ́! Kò rí mi lórí ìkúnlẹ̀ rí, àfi tí mo bá ń wá nǹkan lábẹ́ ẹrù. Ìyẹn dùn mí wọ egungun.

Mo fà á dìde, mo mú un kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì lé àga. Ó gbọ́ òórùn náà, ó fún imú pọ̀.

"It stinks, Mammy."

"Ó ń rùn lóòótọ́," mo ní. "Dijú."